Bẹ́ǹṣì fún àyà: bí a ṣe ń dùbúlẹ̀, bí a ṣe ń dì í mú, bí a ṣe ń tì í

Bó bá ti ku bí oṣù méjì sí Iléyá, àgbàlá tí a ti ń gbé irin ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń kún àkúnya. Àwọn ọmọkùnrin tí a kò rí láti ọdún tó kọjá á tún yọjú, nítorí Ojúde Ọba ń bọ̀, olúkúlùkù ló sì fẹ́ kí àyà òun kún inú aṣọ ẹgbẹ́. Inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá wá. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti irin títí Iléyá á fi dé, àyà wọn á sì wà bó ṣe wà.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ti irin kílò 80 sókè láti orí àyà. Ó ń pariwo, irin ń ta lórí àyà rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù, ìdí rẹ̀ ń fò kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ kejì mo ní, “Fi ọwọ́ kan ibi tó ń ro ẹ́.” Ó fi ọwọ́ kan iwájú èjìká, ó tún fi kan ẹ̀yìn apá. Kò fi kan àyà rárá. Mo yọ ìdajì ẹrù náà kúrò, mo sì tún bó ṣe ń dùbúlẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fi kọ́ ọ náà ni mo kọ síbí, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí àyà ń ṣe

Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì lé àyà ọ̀tún. Ẹ na apá ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wá fà á kọjá níwájú ara yín bí ẹni tó fẹ́ gbá nǹkan mọ́ra. Ohun tó le lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín yẹn, òun là ń wá. Iṣan yẹn bẹ̀rẹ̀ lára eegun tó dábùú lábẹ́ ọrùn, ó gba ara eegun àárín àyà àti ìhà sọ̀kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ wá kó jọ síbi abíyá, ó so mọ́ eegun òkè apá. Tó bá sún kì, apá ló ń fà wá sí àárín. Kò so mọ́ ọwọ́, kò so mọ́ ìgúnpá.

Nítorí náà, bí òkè apá ṣe ń lọ tó sì ń bọ̀ la óò máa ṣọ́. Irin kàn wà lọ́wọ́ wa kí apá lè rí nǹkan tó wúwo bá jà ni. Iṣan méjì mìíràn ń bá àyà ṣiṣẹ́ lórí bẹ́ǹṣì: ti iwájú èjìká àti ti ẹ̀yìn apá. Kò sí bí ẹ ṣe lè lé wọn kúrò, ẹ má sì gbìyànjú ẹ̀. Àmọ́ bí ìdùbúlẹ̀ yín kò bá dáa, àwọn méjèèjì á gba iṣẹ́ náà ṣe, àyà á máa wòran.

Irin àti bẹ́ǹṣì

Ẹni tó ń lọ sí jíìmù tó ní irinṣẹ́ gidi, ní Ṣàgámù tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, á bá irin gígùn tó wọn kílò 20 kó tó fi pléètì kankan, ìyẹn irin róbótó tó ń fi ẹrù kún un, sí i. Ara irin yẹn rí ṣákaṣàka kó má baà yọ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì sábà máa ń fín òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sí i, tí ìkan fi sẹ̀ǹtímítà 81 jìnnà sí ìkejì. Òrùka yẹn la fi ń mọ ibi tí ọwọ́ wà.

Àwa tí a ń lo páìpù, tí a rọ sìmẹ́ǹtì sínú agolo ọ̀dà, ní iṣẹ́ díẹ̀ láti kọ́kọ́ ṣe. Agolo méjì tó jọra lójú kì í sábà wúwo bákan náà, torí òkúta tó wọ inú ọ̀kan lè ju ti èkejì lọ. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n ní òṣùwọ̀n. Agolo wa kan fi kílò méjì àtààbọ̀ ju èkejì rẹ̀ lọ, ó sì tó ọdún kan tí a ti ń tì í bẹ́ẹ̀ kí a tó mọ̀. Ẹ fi ọ̀dà kọ ìwọ̀n sí ara agolo kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àárín páìpù, kí ẹ fi téèpù dúdú tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò ṣe àmì sí ọ̀tún àti òsì, kí ọwọ́ yín lè máa bá ibì kan náà dì í ní gbogbo ìgbà.

Bẹ́ǹṣì kò gbọ́dọ̀ mì. Fóòmù tó rọ̀ bíi ti àga pálọ̀ kò dáa, ẹ̀yìn á rì sínú rẹ̀. Pákó tí a fi fóòmù tín-ín-rín àti awọ bò tó.

Kí ara gbóná

Ẹ gé tíúbù kẹ̀kẹ́ gùn, ẹ dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, ẹ na apá síwájú, kí ẹ máa fà á ya sí ẹ̀gbẹ́ nígbà 15. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ ti irin lásán nígbà 15. Nígbà ọyẹ́, tí ara kì í tètè yá, ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Kí ẹ tó dé orí ẹrù tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú lọ́jọ́ náà, ẹ gba orí ìdajì rẹ̀ kọjá.

Ìdùbúlẹ̀

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ibí náà ni wọ́n sì máa ń fi ìkánjú kọjá.

Ẹ dùbúlẹ̀ kí irin wà lókè ojú yín gan-an. Tí orí bá lọ sókè jù, irin á máa kọ lu ìkọ́ tó gbé e dúró. Tó bá wá sísàlẹ̀ jù, ẹ ó máa na èjìká láti lọ mú un, gbogbo ohun tí ẹ tò á sì tú. Ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kanlẹ̀, kó wá búlọ́ọ̀kù sí i lábẹ́. Ìdí kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì títí ẹ ó fi parí.

Ó wá ku ẹ̀yìn. Eegun pẹlẹbẹ méjì wà lẹ́yìn èjìká, tí wọ́n máa ń rìn bí apá bá ṣe ń rìn. A fẹ́ kí wọ́n dúró sójú kan. Ẹ fà wọ́n sún mọ́ ara wọn, kí ẹ sì tì wọ́n sísàlẹ̀ síhà ìbàdí, kí èjìká má ká sókè mọ́ etí. Ọmọ Ìjẹ̀bú kì í bi mí léèrè púpọ̀ lórí èyí tí mo bá ti ní kó rántí àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba, bí ẹni tó wà lórí ẹṣin ṣe máa ń jókòó nígbà tí ìdílé Balógun rẹ̀ bá dé iwájú ọba: àyà sókè, èjìká sẹ́yìn, ọrùn gùn. Ìjókòó yẹn ni kẹ́ ẹ gbé dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì.

Tí ẹ bá ṣe é bó ṣe yẹ, àlàfo kékeré kan á wà lábẹ́ ìbàdí tí ọwọ́ pẹlẹbẹ lè wọ̀, àyà á sì yọ sókè ju èjìká lọ. Ohun tí à ń wá nìyẹn. Bí àyà bá ga ju èjìká, àyà ló máa gbé ẹrù. Bí èjìká bá yọ síwájú jù ú, èjìká ni yóò rù ú, kò sì ní pẹ́ tó fi máa pariwo.

Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń mọ ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tú. Awọ dúdú la fi bo bẹ́ǹṣì wa. Tí ẹnì kan bá dìde lẹ́yìn ìgbà mẹ́jọ, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ wo ojú òógùn tó fi sílẹ̀. Ti ẹni tó dúró dáadáa máa ń jẹ́ àmì méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí etí wọn já geere. Ti ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ̀ á ti fẹ̀ lọ sókè, bí ìgbà tí èèyàn fi aṣọ tútù nu tábìlì. Ẹ máa wo tiyín lẹ́yìn sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ tì í léraléra kẹ́ ẹ tó sinmi. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, kò sì ń parọ́.

Ìdìmú

Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ yí irin ká. Àwọn kan máa ń kó o pọ̀ mọ́ àwọn ìka yòókù sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí àyà ṣiṣẹ́. Mi ò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú àgbàlá wa. Irin tó bá yọ̀ bọ́ lọ́nà yẹn, orí àyà tàbí ọrùn ló ń já sí, kò sì sí ohun tí ẹni tó dúró lẹ́yìn lè ṣe kó tó débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí irin jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, kó wà lókè ọrùn ọwọ́ gan-an, kí ọrùn ọwọ́ má ká sẹ́yìn. Bí òógùn bá ń jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀, ẹfun díẹ̀ á gbẹ ẹ́.

Báwo ni ọwọ́ méjèèjì ṣe máa jìnnà síra tó? Ẹ má wo ti ẹlòmíràn, apá yín ló máa sọ. Ẹ sọ irin lásán kalẹ̀ dé àyà, kí ẹnì kan dúró síbi ẹsẹ̀ yín wò ó. Láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ gbọ́dọ̀ nà ṣánṣán bí òpó. Bó bá dà sínú, ọwọ́ sún mọ́ra jù, ẹ̀yìn apá á gba púpọ̀ nínú iṣẹ́. Bó bá dà síta, ọwọ́ jìnnà jù, èjìká á máa jìyà, apá kò sì ní rìn jìnnà tó kí àyà tó jèrè. Ibi tó bá ti nà ṣánṣán, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi téèpù sí.

Gbígbé e jáde

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì bá yín gbé e. Kó má gbé e sókè fíofío, nítorí yóò fa èjìká yín tẹ̀ lé e. Kó kàn rọra fà á síwájú títí tí yóò fi wà lókè èjìká. Apá yín ti nà nígbà yẹn. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tún yẹ ẹ̀yìn wò: ṣé ó ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí?

Sísọ ọ́ kalẹ̀

Ẹ fa èémí kún ikùn, ẹ dì í. Ẹ mú irin wá sílẹ̀ bí ẹ ti ń ka oókan, eéjì, eéta lọ́kàn. Apá tó ń sọ̀kalẹ̀ ń na àyà, iṣẹ́ gidi sì ni àyà ń ṣe bó ṣe ń nà lábẹ́ ẹrù. Ẹni tó jẹ́ kí irin já lulẹ̀ ti ju ìdajì iṣẹ́ náà nù.

Ìgúnpá kò gbọ́dọ̀ ya sí ẹ̀gbẹ́ pátápátá, kò sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà. Ẹni tó bá ń wò yín láti òkè gbọ́dọ̀ rí orí ọfà: orí yín ni ṣóńṣó, apá méjèèjì ló dà sẹ́yìn. Fún ẹni tó mọ igun wíwọ̀n, láàárín 45 sí 70 digíríì ni apá gbọ́dọ̀ wà sí ara. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí èjìká òsì mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ya ìgúnpá bí àgbélébùú, mo sì ń sọ irin kalẹ̀ sẹ́bàá ọrùn, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni òkè àyà ṣe ń dàgbà. Ó di ọjọ́ kan, oró kan gba iwájú èjìká náà. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, mi ò lè wọ bùbá láìjẹ́ pé ẹnì kan bá mi di apá aṣọ náà mú.

Irin gbọ́dọ̀ kan àyà ní ìpele orí ọmú tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kan yín, kó má gúnlẹ̀ sí yín lára, kí ẹ sì dá a dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn ọmọ máa ń bá mi jiyàn lórí ìdádúró yìí, wọ́n ní ó ń dín ẹrù tí àwọn lè tì kù. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irin tó ta lórí àyà ti gba agbára lọ́wọ́ eegun ìhà, àyà kò sì ṣe ibi tó le jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ìdíje gbígbé irin ti àwọn akanda ẹ̀dá ní Paralympics. Bẹ́ǹṣì nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, òfin wọn sì ni pé irin gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ lórí àyà kó tó gòkè. Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń gbajúmọ̀ níbẹ̀: Yakubu Adéṣọ̀kàn gba wúrà ní London lọ́dún 2012, Fọláṣadé Olúwafẹ́miáyọ̀ gba wúrà ní Tokyo, ó sì tún gba ti Paris lọ́dún 2024. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá lè dá ẹrù wọn dúró, àwa náà lè dá kílò 40 dúró.

Títì í sókè

Ẹ má ronú ọwọ́. Òkè apá ni kẹ́ ẹ fi ọkàn sí, bí ẹni tó ń gbá igi ìrókò mọ́ra, tó fẹ́ kí apá òun méjèèjì pàdé. Ọwọ́ kò ní kúrò níbi téèpù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń gbìyànjú àtimú wọn pàdé ni àyà á máa le. Ẹ tẹ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀. Irin kì í lọ sókè gbọnrangandan: ó gbéra níbi orí ọmú, ó rọra dà sẹ́yìn síhà ojú, ó sì parí sókè èjìká, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti kọjá ibi tó nira jù, ẹ jẹ́ kí èémí jáde.

Ní òkè pátápátá, ẹ na apá, kí ẹ fi èjìká sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí lọ́dọ̀ àwọn tó ti mọ gbogbo ìyókù: inú wọn dùn pé irin ti gòkè, wọ́n wá fi èjìká lé e lọ sókè. Ẹ̀yìn tú nìyẹn, èyí tó tẹ̀ lé e á sì bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí àyà kò bá tíì gbọ́

Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta ẹrù náà kúrò. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni níwájú ọ̀rẹ́, àmọ́ kò sí ọ̀nà mìíràn tó yá tó o. Ẹ mú ìdádúró ìsàlẹ̀ di ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀ ṣe púṣọ́ọ̀pù, kí apá jẹ́ irú orí ọfà kan náà, kí àyà kanlẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó gòkè. Ẹni tó bá ní dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì, ìyẹn irin kúkúrú tí a ń fi ọwọ́ kan mú, kó fi wọ́n rọ́pò irin gígùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan dá wà, apá lè wá sí àárín ní tòótọ́. Fún òkè àyà, ẹ gbé orí bẹ́ǹṣì sókè ní bí 30 digíríì. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, èjìká ló ń gba iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tí apá wọn gùn, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níbí. Ẹ̀yìn apá yín lè máa rẹ̀ ṣáájú àyà bí ẹ tilẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ má torí ẹ̀ fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀. Ẹ ṣe é, kí ẹ sì fi dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì parí iṣẹ́ àyà: ẹ dùbúlẹ̀, ẹ ṣí apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tún pa wọ́n dé lókè àyà.

Ẹ má dá nìkan wà

Páìpù tí a rọ sìmẹ́ǹtì mọ́ lórí kò ṣeé dà nù. Tó bá há yín mọ́lẹ̀, kò sí pléètì tí ẹ lè mú kó yọ̀ bọ́. Ẹ má ṣe fi irú irin bẹ́ẹ̀ ti bẹ́ǹṣì láìsí ẹnì kejì, láéláé. Ẹni tó bá ní irin tó ń gba pléètì, tó sì jẹ́ òun nìkan ló wà níbẹ̀, kó má fi kílíìpù dí ẹnu rẹ̀, kó lè dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan tí nǹkan bá yíwọ́. Bí ẹrù bá mọ níwọ̀n, ẹ lè yí i láti orí àyà lọ sí ìbàdí kí ẹ dìde jókòó, ṣùgbọ́n ikùn á gbọ́ ọ.

Ẹni tó ń ṣọ́ yín kò gbọ́dọ̀ tẹ fóònù. Kó dúró lẹ́yìn orí, kó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ irin láì fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ fún un ṣáájú iye ìgbà tí ẹ fẹ́ tì í.

Iye ìgbà àti bí ẹrù ṣe ń gòkè

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó, bí ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí mẹ́rin, ìgbà 8 sí 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sinmi bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta láàárín wọn. Ẹ dúró nígbà tó bá kù bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ ṣì lè tì. Tí ẹ bá ti lè ti 12 nínú gbogbo sẹ́ẹ̀tì, tí ẹ̀yìn kò tú, ẹ fi kílò díẹ̀ kún un. Pléètì kékeré kò sí lágbàlá wa, nítorí náà ọ̀rá omi oní-50cl la fi ń mọ bí iyanrìn ṣe wúwo tó: omi inú ọ̀kan wúwo tó ìdajì kílò. A máa ń rọ iyanrìn tó wọn bẹ́ẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀, a sì fi tíúbù dì í pinpin mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bákan náà.

Fún sẹ́ẹ̀tì bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe sẹ́ẹ̀tì kan tí ẹ ti ń fa irin wá sí ikùn ní ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn tó lágbára ló ń di eegun èjìká mú lórí bẹ́ǹṣì.

Oúnjẹ náà wà ńbẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú dùn, mo ń mu ún lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n afáralókun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò lè dá kọ́ ẹran ara. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń dá fún ẹni tó ń gbé irin ni giráàmù 1.6 oúnjẹ amúaradàgbà fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wọn kílò 70 á nílò bíi giráàmù 112 lóòjọ́. Ẹyin kan ní bíi mẹ́fà. Ẹ fi èpà, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti ẹja kún un, kí ẹja inú ìkọ́kọrẹ́ sì pọ̀ dáadáa.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró

Kí àyà máa ro díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò burú. Oró tó gún yín níwájú èjìká, tàbí nǹkan tó já pàú nítòsí abíyá tí ibẹ̀ sì wá wú tàbí dúdú, ẹ fi irin sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ra á. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, nítorí dídi èémí lábẹ́ ẹrù máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó máa fi èémí sílẹ̀ bó ṣe ń tì í.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kó fi irin lásán ṣe ọ̀sẹ̀ kìíní, bó ti wù kó lágbára tó. Kó ní kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò òun lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan láti ibi ẹsẹ̀, kó lè rí bóyá apá nà ṣánṣán; lẹ́ẹ̀kejì láti ẹ̀gbẹ́, kó lè rí ibi tí irin kan àyà, bóyá ó dúró níbẹ̀, àti bóyá èjìká kúrò lórí awọ nígbà tí apá nà tán. Bí èjìká bá kúrò, kó má tíì fi agolo kankan sí i.